Pátákó Tí A Gbé Kọ́ Síwájú Ilé Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kọkànlá 2006

Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa lónìí.

Mo wà nídìí máṣìnì, mò ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Oorun ọ̀sán ti ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ohun kan lára ògiri bí ìgbà tí èèyàn ń gbálẹ̀. Mo rò pé àlá ni. Nígbà tí mo jáde, ọkùnrin mẹ́rin ni mo bá — ọ̀kan gbé garawa ọ̀dà, ọ̀kan mú búrọ́ọ̀ṣì dání, àwọn méjì tó kù ń wo ilé bí ẹni tó fẹ́ rà á. Àmì ńlá. Ó ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri funfun. Wọ́n ní ọ̀nà tuntun ń bọ̀ ní Mowe, gbogbo ilé tó wà ní apá ọ̀tún àdúgbò wa ló bọ́ sójú ọ̀nà náà, àwọn á wó wọn kí ọdún tó parí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Irú òmùgọ̀ wo ni mí gan-an? Ẹnu mi ló kàn sọ ọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi kọ́ ilé yìí, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. A ò ní ilé mìíràn. A ò ní ilẹ̀ mìíràn.

Wọ́n sàmì sára ti Fàósátù náà, aládùúgbò mi tó ń ta èédú. Ó dúró síwájú ilé tiẹ̀, èmi náà dúró síwájú tèmi.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kọkànlá

Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà, mo fi ògiri hàn án. Ó jókòó, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa sọ: "Ìbíwùnmí, fọkàn balẹ̀. Mo mọ ẹnìkan."

Orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, Mo-Mọ-Ẹnìkan. Òun ò mọ̀. Tí wọ́n bá mú iná wa lọ, ó mọ ẹnìkan. Nígbà tí Delight ọmọ wa fẹ́ wọ yunifásítì ní Ibogun, ó mọ ẹnìkan níbẹ̀ — ẹni náà ò gbé fóònù títí ọmọ fi wọlé fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

A ò ní í sọ fún Delight. Ó ń ṣe ìdánwò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kọkànlá

A lọ sí Ifọ̀, sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnkànmí tó ta ilẹ̀ fún wa. Bàbá ti darúgbó gan-an. Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà kúnlẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ má fòyà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilẹ̀ àwẹn baba wa ni. Wẹn è lè dé bẹ̀." Ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn wo? Kò sọ, a ò sì lè bi í.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oko bàbá rẹ̀, igi obì tó wà níbi tí a kọ́ pálọ̀ wa sí, odò kékeré kan tí ń kọjá níbẹ̀ nígbà náà. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Oorun gbé e lọ láàárín ọ̀rọ̀. A jókòó, a ń dúró. Òòrùn bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ń rí odò yẹn bó ṣe ń gba abẹ́ máṣìnì mi kọjá. Àfi ìgbà tí Olúṣẹ̀yẹ fi ìgúnpá kàn mí, èmi náà ti sùn!

Nínú bọ́ọ̀sì ó ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní mo rí i. Ohun tí mo rí ni bàbá arúgbó kan tó ń sùn.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kọkànlá

Mo-Mọ-Ẹnìkan ti rí nọ́ńbà Hàkímù.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kọkànlá

Hàkímù ni ẹni tí wọ́n jọ lọ iléèwé, ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta báyìí. Olúṣẹ̀yẹ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bá a. Ojú rẹ̀ ń dán nígbà tó padà dé. Hàkímù fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré pè é. Ó fún un ní mọ́ọ̀tì mu. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín ti wà lọ́wọ́ mi. Lọ bá ìyàwó ẹ ṣeré." Wọ́n á sún ọ̀nà náà sápá òsì díẹ̀.

Mo jó. Mi ò ní purọ́ fún ìwé, mo jó yí máṣìnì po.

Mo sùn lọ́sàn-án, mo lálàá. Ilé wa dìde dúró, ó ń rìn lọ sí ọ̀nà márosẹ̀, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀. Mò ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mò ń wí pé, "Dúró, o ò tíì jẹun." Kò bojú wẹ̀yìn. Inú mi ò bàjẹ́ nínú àlá náà. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kẹta rèé tí Hàkímù ti pa fóònù rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ní bóyá kò sí iná ní Abẹ́òkúta.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀rẹ́ wa kan lọ wo ibi iṣẹ́ Hàkímù. Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tó ń fún ọkọ mi ní mọ́ọ̀tì, ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo bínú débi pé mo rán apá yunifọ́ọ̀mù kan mọ́ ọrùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bùkọ́lá oníbàárà mi wá láti Ibafo láti gba bùláòsì rẹ̀. Ó wo àmì pupa náà. "Ìyá Delight, ẹ ti rí i kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì rí? Àdúgbò tiwa lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ló ti gbé pátákó kọ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba gọ́fúmẹ́ǹtì jàre!"

Ojú Olúṣẹ̀yẹ tàn. Mo ní ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Ó ní, "Ṣé a kì í gbàdúrà nínú ilé yìí ni?" Mo padà sídìí máṣìnì mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kọkànlá

Nọ́fíù tó ń kọ pátákó gbé e dé. Ó rẹwà, àwọ̀ ojú ọ̀run àti funfun. IBI ÌSÁDI, ILÉ ÀDÚRÀ. Ohun tí a ní kó kọ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀:

Ìsìn Ọjọ́ Àìkú: aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Àdúrà Àwọn Aláboyún: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Olùṣọ́: Ìyá Delight.

Mo ké. Ẹnu ya Nọ́fíù. Ó ní, "Mà, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ní àsìkò ìsìn, ta ló máa gbà pé ṣọ́ọ̀ṣì ni? Èyí tí mo kọ fún àwọn ará Ibafo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wò." Mo-Mọ-Ẹnìkan ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó tiẹ̀ dà bí òótọ́ sí i. Wọ́n kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn.

Fàósátù wá wò ó. Mo dá àpárá, mo ní kí òun náà lọ kọ mọ́sáláṣí sára tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá Delight, Olúwa mi mọ̀ pé ilé ni. Tí mo bá fi orúkọ Rẹ̀ purọ́, ta ni mo tún fẹ́ ké pè?" Kò sọ ọ́ bí ẹni ń báni wí. Ó gbé agbada èédú rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n wá!

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, a ti múra tán láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ibafo, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá kan tó wọ bùbá funfun, tọkọtaya kan, obìnrin kan tó pọn ọmọ. Bàbá náà ní, "A rí pátákó yín. Ṣé a ò tíì pẹ́?" Mo wo Olúṣẹ̀yẹ. Olúṣẹ̀yẹ wò mí. Ó wá ní, "Ẹ wọlé, ẹ káàbọ̀ sílé Olúwa."

A sún máṣìnì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Olúṣẹ̀yẹ dá orin. Mi ò mọ ibi tí mo lè kójú sí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Ìlẹ̀kẹ̀ omi wà lára fèrèsé láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì títì ò hàn. Olúṣẹ̀yẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́wàá, ọmọbìnrin kan ti inú ọyẹ́ jáde pẹ̀lú oyún ńlá, ó ń rìn jẹ́jẹ́ — bí ẹni pé ojú oorun mi ló ti jáde wá.

Mọ́láyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní OPIC, lọ́nà Èkó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló ń wálé. Oyún àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ìrọbí lọ́dún tó kọjá. Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà fún mi."

Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ yí padà lábẹ́ ọwọ́ mi, wẹ́rẹ́. Mo gbàdúrà. Òótọ́ ni àdúrà náà. Èmi tí mo gbà á ni mi ò jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kejìlá

Èèyàn mọ́kànlá. Olúṣẹ̀yẹ wọ kóòtù. Ó wàásù! Kò burú.

Kí n kọ òótọ́ sílẹ̀: mo gbádùn rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń rá bàbà nínú ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo wa ń kọrin, bàbá oníbùbá funfun ń sunkún jẹ́ẹ́ nítorí nǹkan kan tí kò sọ fún wa. Fún bíi wákàtí kan mo gbàgbé pé ṣe la fẹ́ fi wọ́n dáàbò bo ilé wa. Ẹnìkan fún wa níṣu lẹ́yìn ìsìn. Mo sè é fún Olúṣẹ̀yẹ, èmi ò jẹ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí a kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kejìlá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni.

Mọ́láyọ̀ tún wá. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun ń rí iná wínníwínní lójú. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í ohun tí wọ́n sọ fún un ní ọsibítù. Ó ní, "Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́, mọ́mì. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbàdúrà fún mi, ọkàn mi balẹ̀. Ibí yìí ni mo dì mú."

Ibí yìí. Ìlẹ̀kùn, máṣìnì àti pátákó tí Nọ́fíù wo tẹlòmíràn kọ.

Mo rántí Hàkímù. Mo rántí bó ṣe ní ọ̀rọ̀ wa ti wà lọ́wọ́ òun, bí mo ṣe jó. Ó wá hàn sí mi kedere pé èmi gan-an ni Hàkímù ọmọ yìí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi àgbàlagbà. Mo ní, "Mọ́láyọ̀, ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí kí wọ́n má bàa wó ilé wa la ṣe gbé pátákó kọ́. Télọ̀ ni mí. Dìde, ká lọ sí ọsibítù báyìí."

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ọlọ́run tí a ń ké pè ńkọ́? Òun náà ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀."

Fàósátù ló bá mi wá mọ́tò. A gbé e láàárín. Nọ́ọ̀sì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó sáré. Wọ́n ní ká dúró síta. Fàósátù ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, mo ń gbàdúrà tèmi, títí wọ́n fi jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Obìnrin ló bí. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni a gbé e wá, òun ò ní í lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kejìlá

Mo ní ká yọ pátákó. Olúṣẹ̀yẹ ní rárá. A pariwo mọ́ra wa, a kì í sì í pariwo. Ó ní ṣé orí títì ni mo fẹ́ kí Delight wá bá wa? Mo ní gbogbo ẹni tí a sá tọ̀ ti já wa kulẹ̀, a wá mú Ọlọ́run kún wọn, a sọ Ọ́ di ọ̀kan lára àwọn ẹnìkan tí a mọ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Níbo la máa sùn?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kejìlá

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ibafo lémi nìkan. Olúṣẹ̀yẹ dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kejìlá

Yàrá Ṣọlá àbúrò mi ní Ibafo ni mo ti ń kọ èyí.

Àná, Ọjọ́bọ̀. Olúṣẹ̀yẹ ò lọ síbi iṣẹ́, ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ọyẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìró katapílà ká tó rí i. Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn èèyàn ń gbé bẹ́ẹ̀dì kọjá nínú ọyẹ́, wọn ò pariwo. Fàósátù ti kó ẹrù tiẹ̀ tán láti àárọ̀. Ó jókòó lórí àpò èédú rẹ̀, ó ń wò.

Obìnrin kan ló mú ìwé ńlá lọ́wọ́, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Ó gbójú sókè wo pátákó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ewu. Ṣọ́ọ̀ṣì nibí, àbí? Wọ́n ní ká yà fún àwọn ilé ìjọsìn, ọ̀nà máa gba ẹ̀yìn wọn. Ẹ kàn buwọ́ lù ú níbí."

Bùkọ́lá ò purọ́. Ó ṣiṣẹ́! Mo gbọ́ bí Olúṣẹ̀yẹ ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá. Aláboyún méjì wà lórí bẹ́ǹṣì nínú pálọ̀, mi ò rí wọn rí. Wọ́n ti jókòó kí katapílà tó dé. Ọ̀kan ń fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò mí, pẹ̀lú ojú Mọ́láyọ̀.

Tí mo bá buwọ́ lù ú, pátákó yẹn ò lè kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i.

Mi ò gbọ́ ohùn kankan láti òkè. Ọkàn mi ò tiẹ̀ balẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé lẹ́yìn òní, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sá tọ̀ ju Ẹni tí a fi orúkọ Rẹ̀ purọ́ yìí lọ, mo sì fẹ́ lè wo ojú Rẹ̀.

Mo dá bírò padà. Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ilé ni. Ilé tèmi àti ọkọ mi." Mo yíjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ, kò sí àdúrà aláboyún níbí. Ẹ lọ sí ọsibítù."

Obìnrin oníwèé yẹn wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó fún wa ní wákàtí kan láti kó ẹrù. Nígbà tó ń kọjá lọ, ó nu ojú rẹ̀, tàbí eruku ni, mi ò mọ̀.

Olúṣẹ̀yẹ gbé máṣìnì mi jáde fúnra rẹ̀. Kò bá mi jà. Nígbà tí ògiri iwájú wó, eruku rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ọyẹ́, a ò sì rí ilé náà mọ́, kó tó di pé ó wó tán. Mo sunkún bí ọmọdé. Fàósátù fi ìborùn rẹ̀ bò mí léjìká, ó wá bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kejìlá

A sọ fún Delight. Ó ń bọ̀ lọ́la. Bàbá rẹ̀ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ju "o ṣé" lọ láti Ọjọ́bọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kejìlá

Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ti bo gbogbo Ibafo. Mo lajú, mo rò pé yàrá wa ni mo wà, mo ń wá ojú fèrèsé lápá ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju aṣọ Ṣọlá lọ.

Olúṣẹ̀yẹ wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Mo di ojú mi padà. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ àdúrà rẹ̀ rí kí orúkọ èèyàn má sí nínú rẹ̀. Olúwa, fọwọ́ kan ọkàn lágbájá. Olúwa, jẹ́ kí tàmẹ̀dò rántí mi. Mo ń retí orúkọ. Mo ń ka àwọn tó kù sínú, mo ń rò ó pé ta ni yóò jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó wá ní, "Olúwa, àwa rèé."

Kò fi nǹkan kan kún un. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.